Oorun Abiyamọ

Ní Trabzon, létí Òkun Dúdú, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí.
Dursun fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀,
àgbẹ̀ oko tíì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Gülizar, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló túmọ̀ orúkọ náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà:
*Kó dúró.*
Ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ni ilẹ̀ ti gbà kí wọ́n tó bí i.

Kókó kan jókòó sínú ọpọlọ rẹ̀,
lẹ́yìn etí òsì, níbi tí ọ̀rọ̀ ń gbé.
Ẹni tí yóò gé e gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn onílé
bí ó ti ń tú àjà.
Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tèmi fi le:
kí n mú un sùn, kí n jí i, kí n tún mú un sùn,
bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn, tó ń tì í, tí kò jẹ́ kó dún.

Àgbà oògùn wà lọ́wọ́ mi, ó funfun bí wàrà.
Tó bá wọlé, a máa pa gbogbo fìtílà lẹ́ẹ̀kan;
ẹni tó bá gbé lọ, pè é títí, kò ní dáhùn.
Mo mọ̀ ọ́n lò. Mo bọ̀wọ̀ fún un.
Ṣùgbọ́n lónìí, ìdajì rẹ̀ ni mo bù,
mo wá fi kékeré kan tì í lẹ́yìn,
aláìláwọ̀, bí omi,
tó ń kán láti inú ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ bí ahun tó ń ka owó.
Iyọ̀ kọ́ ni ọbẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ láìsí i, kí ẹ wá tọ́ ọ wò.

Oorun tí kékeré yìí ń mú wá, oorun abiyamọ ni:
ó ń hanrun, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọmọ;
ààrá sán, kò gbọ́;
ọmọ sín lẹ́ẹ̀kan péré, ojú ti là.

Ó ní ìwà tirẹ̀, n kò ní purọ́.
A máa fa ọkàn sẹ́yìn bí ẹni fa okùn ewúrẹ́.
Wọ́n ti ṣí agbárí tán nígbà tí ẹ̀rọ ké:
àádọ́ta. Márùndínláàádọ́ta. Mọ́kànlélógójì.
Ẹnu mi gbẹ. Mo dín in kù. Mo tún dín in kù.
Kemalettin tó di ọ̀bẹ mú kò wẹ̀yìn. "Ṣé ó ṣì wà?"
Mo ní ó wà. Ọwọ́ mi ti wà lórí oògùn mìíràn tí n kò fẹ́ lò.
Méjìlélógójì.
Mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ó rìn padà fúnra rẹ̀, bí ẹran tó rántí ilé.

Mo dá wàrà dúró. Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀:
"Dursun."
Ojú là.

Wọ́n fi àwòrán hàn án. Ife. Àkàbà. Ológbò.
Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
Kemalettin ń fi iná mànàmáná kín-ún kan ọpọlọ, ó ń gbọ́.
Ọpọlọ tó mọ gbogbo ìrora ara, kò mọ tirẹ̀.
Ó ku ohun kan tí Dursun ti bá wa ṣàdéhùn lé lórí.
Lábúlé wọn, òkè ń wo òkè, àfonífojì jìn láàárín;
ohùn kì í dé ọ̀hún, súfèé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀,
gbólóhùn gidi, pẹ̀lú orúkọ, ìbéèrè àti èébú.
Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù pa á létè.
Ó súfèé.
Gülizar, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tó tóbi jù ú lọ,
dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.
"Kí ló wí?"
"Ó ní ta ló ń já tíì nínú òjò yìí."
Ìbéèrè mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta.
Iná kan ibì kan, kò ju èékánná ọmọdé lọ,
súfèé sì di afẹ́fẹ́ lásán.
Kemalettin gbé ọwọ́ kúrò. A fi ibẹ̀ sílẹ̀,
pẹ̀lú ìyókù kókó tó rọ̀ mọ́ ọn.
Gülizar bi mí bóyá a kó gbogbo rẹ̀. Mo ní rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Dursun ní òun kò rántí àwòrán,
òun kò rántí ìmọ́lẹ̀,
ẹnìkan ṣá pe òun láti òdìkejì òkè.
Mo kọ ìwọ̀n oògùn sílẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí.
Fọ́ọ̀mù wa kò ní àyè fún súfèé.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé.